Oníbàárà ní àwòrán tí mo yà kò jọ òun: ojú rẹ̀ ni àbí ọwọ́ mi?

Èédú-lọ́wọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Obìnrin kan gbé iṣẹ́ fún mi pé kí n fi èédú ya ojú òun sórí pépà ńlá. Fọ́tò kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́, èyí tó fi fóònù ya ara rẹ̀. Mo fara balẹ̀ ṣe é. Àwọn ọmọ rẹ̀ rí i, wọ́n ní ìyá àwọn gẹ́lẹ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ta nìyí?" Ó ní mo fi imú kún imú òun, mo sọ òun di arúgbó, kí n sì bá òun pa ìlà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ́.

Mi ò fẹ́ bá a jà, owó rẹ̀ ló ná. Àmọ́ ó ń jẹ mí lọ́kàn: bí gbogbo èèyàn bá ní àwòrán jọ ẹnì kan, tí ẹni náà ní kò jọ òun, ta ni kí ayàwòrán gbà gbọ́? Ṣé ojú tó wà níbẹ̀ là ń yà ni, àbí èyí tó wà lọ́kàn onítọ̀hún?

Ojú-ńwò

Ìwọ kọ́ lo sọ ọ́ di arúgbó, ọdún ló sọ ọ́ dà. Pa ìlà rẹ́ kóo gbowó ẹ jàre.

Onífọ́tò

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá fọ́tò yẹn lẹ́jọ́ ná. Ẹni tó na fóònù síwájú ojú ara rẹ̀, ibi tí apá rẹ̀ gùn mọ ni fóònù máa jìnnà mọ. Níbi tí kámẹ́rà wà yẹn, imú sún mọ́ ọn ju etí lọ, torí náà imú á wú, etí á sá sẹ́yìn, iwájú orí á yọ síta. Kámẹ́rà ò bàjẹ́ o, ohun tó bá sún mọ́ni ló máa ń tóbi lójú ẹni. Kí ẹni tó ń ya fọ́tò sún sẹ́yìn tó bíi mítà méjì, kó wá fi kámẹ́rà fa ojú náà sún mọ́ra, imú á padà sí ààyè rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìyá yẹn ní ẹ fi imú kún imú òun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló ń sọ.

Ọ̀rọ̀ dígí náà wà ńbẹ̀. Ojú tó mọ̀ sí tirẹ̀ láti kékeré, inú dígí ló ti ń rí i, níbi tí ọ̀tún ti di òsì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ojú èèyàn tí apá méjèèjì dọ́gba. Ẹyinjú kan á kéré díẹ̀, igun ẹnu kan á ga ju èkejì lọ. Àwọn ọmọ ń wo ìyá wọn láti iwájú, òun ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, ojú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n mọ̀. Ẹ fi fóònù ya iṣẹ́ yín, kí ẹ yí i padà sí bí dígí ṣe ń gbé e, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i láì sọ nǹkan kan. Ẹ wo ohun tó máa wí.

Baba-Búrọ́ọ̀ṣì

Onífọ́tò sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹrù ru kámẹ́rà. Ọwọ́ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀.

Ohun tó ń mú àwòrán jọ èèyàn, egungun ni. Ẹ lè ka irun ìpéǹpéjú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ yà á, bí àlàfo láàárín imú àti ètè òkè bá fi díẹ̀ gùn jù, ẹlòmíràn lẹ ti yà yẹn. Ẹ wo bí a ṣe ń dá ojú ọ̀rẹ́ wa mọ̀ láti òkèèrè nígbà tí a ò tíì rí ẹyinjú rẹ̀. Ìrísí orí, ibi tí òjìji bọ́ sí lábẹ́ ojú, bí àgbọ̀n ṣe tẹ̀, ìyẹn la fi dá a mọ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń gbé ojú sókè jù, nítorí pé iwájú orí ò ní nǹkan kan tí èèyàn ń wò níbẹ̀. Tí ẹ bá wọn orí àgbàlagbà láti àtàrí dé àgbọ̀n, ìdajì gan-an ni ẹyinjú máa ń wà. Ẹ lọ wọn tiyín nínú dígí. Kò sẹ́ni tó máa ń gbà á gbọ́ kó tó wọ̀n ọ́n.

Ẹ wá gbọ́ ti ìlà méjì yẹn. Ìlà kọ́ ni! Ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yí wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ni. Lókè, nítòsí ihò imú, etí rẹ̀ múná, òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ pàdé níbẹ̀ láì sí àlàfo. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, etí náà ń yọ́, títí tí kò fi sí mọ́. Ẹni tó fi èédú fa á láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà ti fi ọdún mẹ́wàá kún ọjọ́ orí oníbàárà. Àbúrò, má pa á rẹ́ o, torí tóo bá pa á rẹ́, ẹnu á máa léfòó lójú láì so mọ́ nǹkan kan. Fi ìka nu ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó rọ̀, kóo mú rọ́bà ìparẹ́ tó rọ̀, kóo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan (má fà á) sórí ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti gba ìmọ́lẹ̀. Òkè rẹ̀ ni kóo fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Obìnrin náà á padà sí ọjọ́ orí rẹ̀, kò sì ní mọ ohun tóo ṣe.

Igun ẹnu àti igun ojú ni ibi tí ẹ̀rín ń gbé. Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì, mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi da òjìji rírọ̀ bo igun méjèèjì lójú Mona Lisa. A ò rí ibi tí ẹnu parí sí, torí náà ojú wa fúnra rẹ̀ ló ń parí ẹ̀rín náà fún un.

Agbẹ́gilére

Ẹ̀yin ará, ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé jíjọ ni gbogbo iṣẹ́. Ẹ wo àwọn orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938, iṣẹ́ tó ti lé ní 500 ọdún. Ètè, ìpéǹpéjú, ẹran ọrùn, gbogbo rẹ̀ pé bíi ti alààyè. Àmọ́ ẹ wò wọ́n dáadáa: kò sí ẹni tó ń bínú, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, kò sí arúgbó tí ojú rẹ̀ ti hunjọ. Ẹni tó ṣe wọ́n mọ ojú èèyàn dójú àmì, ó kàn mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọjọ́ orí àti ìrònú ọjọ́ kan kúrò níbẹ̀ ni. Ipò ẹni náà ló fẹ́ fi hàn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ojú ẹnì kan pàtó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àwa sì ń wò wọ́n, ara wa ń sọ fún wa pé èèyàn kan ló ń wò wá.

Ẹ tún wo ayàwòrán Picasso àti Gertrude Stein, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà. Láàárín ọdún 1905 sí 1906 ló yà á. Stein ní òun jókòó fún un tó ìgbà 80 tàbí 90. Picasso bá pa orí rẹ̀ rẹ́ pátápátá, ó gba Sípéènì lọ, nígbà tó dé, ó ya ojú náà láì tún pe obìnrin náà wá. Ojú ọ̀hún dà bí ìbòjú tí wọ́n gbẹ́. Àwọn èèyàn ní kò jọ ọ́. Stein fẹ́ràn rẹ̀ títí tó fi kú, ó sì fi í sílẹ̀ fún ilé musíọ́mù Metropolitan ní New York.

Baba-Búrọ́ọ̀ṣì

Picasso tí ẹ ń wí yẹn ti mọ ojú yà kí irungbọ̀n tó hù lágbọ̀n rẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ ibi tí ojú wà lórí, kó má fara pamọ́ sẹ́yìn Picasso.

Agbẹ́gilére

Mo gbà fún yín níbẹ̀ yẹn, ọ̀gá.

Akọ̀tàn

Ìjà oníbàárà àti ayàwòrán ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1954, ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì ní kí ayàwòrán Graham Sutherland ya Winston Churchill, olórí ìjọba wọn, fún 80 ọdún tó pé. Sutherland ya arúgbó tó jókòó bọ̀ǹkẹ̀, tó fọwọ́ di apá àga mú, tó ranjú mọ́ni. Churchill kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn. Wọ́n gbé e lọ sílé rẹ̀, ayé ò sì tún fojú kàn án mọ́: aya rẹ̀ ti ní kí wọ́n pa á run. Lẹ́yìn tí aya náà kú ni ọ̀rọ̀ tó jáde. Lójú tèmi, ká ní kò jọ ọ́ ni, ì bá rọrùn fún un láti fi rẹ́rìn-ín.

Ti ayàwòrán Hans Holbein ni òdìkejì. Ọba Henry Kẹjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán an lọ ya Anne of Cleves ní ọdún 1539 kó lè mọ irú ẹni tó fẹ́ fẹ́. Ọba rí àwòrán, ó ní kí wọ́n mú un wá. Ó rí èèyàn, ó ní òun ò fẹ́. Ìgbéyàwó ọ̀hún kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ. Orí kò bọ́ lọ́rùn Holbein ṣá. Thomas Cromwell tó ṣètò ìgbéyàwó náà ni wọ́n bẹ́ lórí, pẹ̀lú àwọn ẹ̀sùn mìíràn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1957, Ben Enwonwu, oníṣẹ́ ọnà ará Nàìjíríà, ṣe ère idẹ Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, ọbabìnrin fúnra rẹ̀ ló sì jókòó fún un. Àwọn kan yarí, wọ́n ní ó gbé ètè adúláwọ̀ fún ọbabìnrin. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ "kò jọ" kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọ̀rọ̀ egungun tí Baba ń wí? Nígbà mìíràn, ẹni tó ń sọ ọ́ ń bínú sí ọwọ́ tó yà á ni.

Ojú-ńwò

Akọ̀tàn, mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ń fi àwòrán tan ara wọn jẹ ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì o. Kò sóhun tó yí padà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè bí òpè. Ṣebí iṣẹ́ òyìnbó ni yíya ojú èèyàn bó ṣe rí gan-an?

Akọ̀tàn

Agbẹ́gilére ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ orí Ifẹ̀ fún ọ, o sì tún ń béèrè! Irọ́ yẹn gan-an ni Aina Onabolu, ayàwòrán ará Nàìjíríà, fi gbogbo ayé rẹ̀ bá jà. Ọdún 1882 ni wọ́n bí i. Nígbà náà, àwọn òyìnbó tó ń ṣàkóso ní ọpọlọ adúláwọ̀ ò gbé e láti ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ó wo àwòrán inú ìwé ìròyìn wọn, ó fi kọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 1906, ó fi ọ̀dà olómi ya Ìyáàfin Spencer Savage. Kó tó fẹsẹ̀ tẹ ilé ẹ̀kọ́ ọnà ní London ní ọdún 1920, ó ti ń ya àwọn gbajúmọ̀ Èkó. Lẹ́yìn náà ló tún ń bá ìjọba fà á kí wọ́n tó lè máa kọ́ ọmọ nílé ìwé ní yíya àwòrán. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní ó ń ṣe bí òyìnbó. Mo gbọ́, àmọ́ lójú ẹni tí wọ́n sọ fún pé kò lè ṣe é, kí èèyàn ṣe é dáadáa ni èsì àkọ́kọ́.

Ìyá-Aláwọ̀

Mo ti ń kà á bọ̀ láti àná. Èédú nìkan lẹ ń sọ, ẹnì kan máa tó béèrè ti ọ̀dà, kí n tètè sọ ọ́.

Oníbàárà tó bá ní kí ẹ "jẹ́ kó mọ́lẹ̀ díẹ̀", ẹ má tètè rò pé awọ pupa ló ń wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dà ayàwòrán ló kú. Ẹni tó fún ọ̀dà dúdú jáde nínú túùbù, tó fi funfun là á, tó ní òun ń kun awọ dúdú, eérú ló ń kùn. Awọ dúdú ń dán. Ó ń gba àwọ̀ ohun tó yí i ká, ó ń dá a padà. Ẹ mú ẹni kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: iwájú orí àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á mú àwọ̀ òfuurufú, búlúù tútù ni, kì í ṣe funfun. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ á mú àwọ̀ aṣọ ọrùn rẹ̀. Etí rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ihò imú á pọ́n, torí ẹ̀jẹ̀ sún mọ́ awọ níbẹ̀. Burnt umber (àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú) pẹ̀lú ultramarine (búlúù tó jinlẹ̀) ni mo fi ń po òkùnkùn mi, alizarin (pupa tó jinlẹ̀) díẹ̀ ni mo fi ń mú un gbóná. Dúdú inú túùbù kì í wọ ilé mi.

Ẹ lọ wo Juan de Pareja tí Velázquez, ayàwòrán ará Sípéènì, yà ní ọdún 1650. Ẹrú rẹ̀ ni Pareja, òun ló ń bá a ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìyàwòrán. Ọdún yẹn náà ni Velázquez fọwọ́ sí ìwé òmìnira rẹ̀, Pareja sì di ayàwòrán láyè ara rẹ̀. Ẹ wo ìmọ́lẹ̀ tó bà lé iwájú orí rẹ̀, kí ẹ wá sọ fún mi pé ó ṣòro láti ya awọ tó dú.

Agbẹ́gilére

Ìyá, ẹ rọra o. Anders Zorn ará Swídìn fi àwọ̀ mẹ́rin péré ya ojú tó ṣì ń ya àwọn ayàwòrán lẹ́nu títí dòní: funfun, yellow ochre (pupa rúsúrúsú bí amọ̀), vermilion (pupa tó tàn), àti dúdú inú túùbù tí ẹ lé síta yẹn. Eérú tí ẹ sì ń bú, òun ni Amy Sherald, ayàwòrán adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi kun awọ Michelle Obama nínú àwòrán tí wọ́n ṣí ní ọdún 2018.

Ìyá-Aláwọ̀

Dúdú Zorn, búlúù ló fi ń ṣe. Dúdú náà tutù, tó bá po ó mọ́ funfun, á dà bíi búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa yẹn. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Sherald náà mọ̀ọ́mọ̀ yọ àwọ̀ kúrò lára awọ ni, kí ojú wa lè kúrò níbi àwọ̀, ká wo èèyàn. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ àti ẹni tí ọ̀dà rẹ̀ kú lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ilé mi ò sì gbà á síbẹ̀síbẹ̀.

Èédú-lọ́wọ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè kan ṣì kù. Mo máa ń fa ìlà onígun mẹ́rin-mẹ́rin sórí fọ́tò, kí n fa irú rẹ̀ sórí pépà, kí n wá máa dà á kọ lápótí-lápótí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní màgòmágó ni.

Baba-Búrọ́ọ̀ṣì

Kì í ṣe màgòmágó, àmọ́ ó ń sọ ojú di ọ̀lẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé alààyè kalẹ̀ níwájú rẹ, ibo lo máa fa ìlà sí?

Ìyá-Aláwọ̀

Baba, ẹ má dẹ́rù bà á. Chuck Close, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tó ti di olóògbé, ò lè dá ojú èèyàn mọ̀ nígbà ayé rẹ̀, àìsàn ọpọlọ kan ló fà á. Ẹni tó bá rí lónìí, ó lè má dá a mọ̀ lọ́la. Bó bá ti tẹ́ ojú náà pẹrẹsẹ sínú fọ́tò, tó pín in sí àpótí kéékèèké, ó ń wọlé sí i lórí. Ní ọdún 1988 ara rẹ̀ rọ, wọ́n ń so búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ṣì ń kun àpótí kọ̀ọ̀kan lọ títí. Ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀ nítòsí, àwọ̀ roboto-roboto ni ẹ máa rí. Ẹ sún sẹ́yìn, èèyàn á yọjú sí yín.

Àbúrò, máa fa ìlà rẹ. Ṣùgbọ́n ya ẹnì kan tó jókòó níwájú rẹ lóòrèkóòrè láì fa nǹkan kan.

Mo-ti-jókòó-rí

Mi ò mọ àwòrán yà, wọ́n ti yà mí rí ni. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé ojú máa ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín tí mo gbé wọlé ti kú kí ọ̀dà tó gbẹ lórí búrọ́ọ̀ṣì, ètè mi ń wúwo, orí mi ń tẹ̀ síbì kan láì jẹ́ pé mo mọ̀. Ayàwòrán náà dákẹ́ títí. Ìgbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nípa iṣẹ́ mi, mo gbàgbé pé wọ́n ń yà mí, ìgbà yẹn ni mo rí i tó ń sáré kùn. Ojú tó wà nínú àwòrán náà, ojú ẹni tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ni. N kì í rí ojú yẹn nínú dígí rárá, torí kò sẹ́ni tó ń bá dígí ṣàlàyé. Ìyàwó mi ní ojú yẹn gan-an ni òun ń bá gbélé.

Baba-Búrọ́ọ̀ṣì

Ẹni tó jókòó ti kọ́ wa níṣẹ́. Èédú-lọ́wọ́, ṣé o rí i? Lọ bá ìyá yẹn, kóo bá a sọ̀rọ̀.

Tuntun-lẹ́nu-iṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, bí onítọ̀hún bá ti di olóògbé ńkọ́? Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kékeré kan ṣoṣo ló kù, ó ti ń ṣí. Apá òsì ojú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, àwọn ẹbí sì fẹ́ àwòrán ńlá.

Onífọ́tò

Má wo fọ́tò kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn gan-an yàwòrán. Fi kámẹ́rà tó dára yà á nítòsí fèrèsé, má tan iná kámẹ́rà sí i lójú. Tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwọ̀n oríṣiríṣi: ọ̀kan kó mọ́lẹ̀, ọ̀kan kó ṣókùnkùn. Ohun tó sá lọ nínú èyí lè yọ nínú ìyẹn.

Baba-Búrọ́ọ̀ṣì

Béèrè fọ́tò àwọn àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, kì í ṣe láti dà á kọ o, láti mọ bí egungun ilé wọn ṣe ń rí. Béèrè bóyá fídíò kankan wà tó ti kọjá lẹ́yìn èèyàn, kódà kó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojú nìkan ló hàn. Kóo tó kùn ún, fa ìlà òjìji lásán, kóo fi han ẹnì kan ṣoṣo tó bá a gbé. Ẹnì kan ni mo wí! Tóo bá pe gbogbo ẹbí jọ, ojú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rántí yàtọ̀ síra, o ò ní parí iṣẹ́ yẹn láéláé. Apá òsì tó ti ṣí, má fi èyí tí o ò rí kún un. Jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti ọ̀tún wá, kí òjìji gba òsì. Kí etí náà má tilẹ̀ yọ.

Tuntun-lẹ́nu-iṣẹ́

Àmọ́ nínú fọ́tò náà, iwájú gangan ni ìmọ́lẹ̀ ti wá, ọ̀gá. Kò sí òjìji kankan.

Baba-Búrọ́ọ̀ṣì

Nígbà náà, mú ẹnì kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó, èyí tí egungun ojú rẹ̀ sún mọ́ ti olóògbé jù. Tan iná láti ọ̀tún. Wo ibi tí òjìji bọ́ sí lójú rẹ̀, òjìji yẹn nìkan ni kóo mú.